Ilé La Ti Ń Ta Ọjà

  Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin bàbá àgbẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkirè, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àpòmù, ẹ̀yin ará Ìkòyí, Wásìnmi, Gbọ̀ngán àti Orílé-Òwu, ẹ tẹ́tí. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gbọ́ wa lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ẹ rọra o. Ẹ gbé àga súnmọ́ rédíò. Ọ̀rọ̀ ọjà la fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, n ó sì máa tún un sọ, kí ẹni tó bá pẹ́ kó tó ṣí rédíò rẹ̀ lè bá wa níbẹ̀. Ilé la ti ń ta ọjà. Ojúde ọjà tí a ti ń pàtẹ, tí a ti ń ná, tí a ti ń gbowó, ìparí iṣẹ́ ni ibẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìsọ̀ méjì tó fara kan ara wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni àwọn méjèèjì ń tà. Oko kan náà ni wọ́n ti rà á. Nígbà tí oòrùn bá fi kan àtàrí, ọ̀kan ti tà tán, ó ń ka owó. Èkejì ṣì ń pe oníbàárà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì ń dúdú lọ níwájú rẹ̀. Kí la máa ń sọ? A máa ń ní orí ẹni ìṣáájú ló dára. A máa ń ní ó ní àwúre. Ṣé a ti béèrè ohun tí oníkálukú wọn ṣe lálẹ́ àná? Ṣé a ti béèrè ẹni tó ṣa tirẹ̀, tó nù ún, tó ya èyí tó pọ́n kúrò lára èyí tí kò tíì pọ́n? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà la ti ń kó èrè ròjà.

Ẹ̀rí tó súnmọ́ wa jù lọ ni dòdò Ìkirè. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ rí ti pàdé rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dẹwọ́ eré ní Ìkirè, dòdò á ti dé ojú fèrèsé. Ó pọ́n dúdú, ata ń ta nínú rẹ̀, epo pupa ń ta sánsán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni dòdò Ìkirè kó tó di dòdò? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n àpọ́njù ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ọ̀pọ̀ èèyàn á wò lórí àtẹ tí wọ́n á sì kọjá. Lójú ọlọ́jà, kùtà ni. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé obìnrin kan tí kò fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ṣòfò ló kọ́kọ́ dán an wò. Ata, iyọ̀, epo pupa àti iná. Ilé ìdáná ta ni ìwọ̀nyí kò sí? Wọ́n fi dín ohun tí ọjà ti kọ̀, wọ́n ṣù ú, wọ́n dì í, ó sì di ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ń fi orúkọ ìlú pè. Ìlú mélòó ní ilẹ̀ Yorùbá ló ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ? Ojúde ọjà kọ́ ni wọ́n ti rí orúkọ yìí. Ìdí ààrò ni wọ́n ti rí i.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń tà á. Ọkọ̀ kì í dúró pẹ́. Èrò ń kánjú, awakọ̀ ń fọn fèrè. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ fi ọjà hàn, kó dá iye lé e, kó gbowó, kó fún wọn ní ṣéńjì. Ṣé àyè wà níbẹ̀ láti máa wá ọ̀rá? Ṣé àyè wà láti sáré lọ ṣẹ́ owó lọ́dọ̀ ọlọ́jà ẹ̀gbẹ́ ẹni? Kò sí. Ẹni tí kò bá ti dì í sílẹ̀, tí kò ti ka ṣéńjì sọ́wọ́, ọkọ̀ á lọ, owó á bá ọkọ̀ lọ. Nínú ọjà, oníbàárà máa ń dúró pẹ́ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó dúró níwájú àtẹ yín, arìnrìn-àjò lòun náà. Ìsọ̀ tó kàn ti ń pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. À ń sọ pé ilé la ti ń ta ọjà. A ti kúrò ní Ìkirè, ó yá, ẹ jẹ́ ká dé Àpòmù. Ọjà Àpòmù kì í ṣe ọjà àná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ó ní ìjà kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ọjà yẹn láàárín ará Ìjẹ̀bú àti ará Òwu, nítorí ataare. Ataare o! Ọjà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìjà yẹn wà lára ohun tó ṣokùnfà ogun Òwu, ogun tó tú ìlú Òwu ká, tí Àpòmù àti Ìkirè fúnra wọn sì jẹ nínú ìyà rẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbà pé ataare nìkan ló fa ogun. Ìwé Johnson kan náà sọ nípa bí wọ́n ṣe ń jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé ní àgbègbè ọjà náà, tí wọ́n ń tà wọ́n lẹ́rú. Igi gbígbẹ ti wà nílẹ̀ kí iná tó dé. Síbẹ̀, ẹ ronú sí i. Ìlú mélòó ló tú, nígbà tó jẹ́ pé orí àtẹ ni iná ti ṣẹ́? Àìgbọ́ra-ẹni-yé láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà lè tóbi ju ọjà náà fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì.

Níbo ni àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ti sábà máa ń wọlé lọ́jà tòní? Nínú òṣùwọ̀n ni. Kọ́ńgò tí wọ́n ti lù ní ìdí kó lè wọnú. Kọ́ńgò tí wọ́n yọ́ àbẹ́là sí nísàlẹ̀. Ìgò epo tí kò kún dé ọrùn. Àwọn tó ń ṣe é rò pé èrè ni àwọn ń jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ papọ̀. Oníbàárà tó bá tún gàrí wọ̀n nílé, tó rí i pé kò pé, ṣé ó máa padà wá jà? Rárá. Kò ní padà wá mọ́ ni. Á sì sọ fún ẹ̀gbọ́n, á sọ fún àbúrò, á sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé. Ẹni tó ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta. Nítorí náà, ẹ wọn ọjà yín nílé. Ẹ fi kọ́ńgò tó pé wọ̀n ọ́n, kí ẹ mọ iye kọ́ńgò tó wà nínú àpò kan, kí ẹ sì ti ka èènì mọ́ ọn. Èènì tí a ti kà mọ́ ọn láti ilé kì í dun ni. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ tó bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n ta tòmátì ní ọjà àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba yẹ òṣùwọ̀n náà wò, kó lẹ àmì mọ́ ọn. Ní tiwa, ojú oníbàárà ló ń yẹ kọ́ńgò wò, ojú yẹn kì í sì í gbàgbé.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ìmúrasílẹ̀ ń gba ọjọ́. Ẹ wo ètò ọjà ọrún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Bí ọjà bá ná lónìí, ó di ọjọ́ karùn-ún kó tó tún ná, bí a bá ka tòní mọ́ ọn. Kí ni wọ́n ń fi ọjọ́ àárín ṣe? Ẹ fi gàrí wò ó. A ó hú pákí, a ó bó o, a ó rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ dà kúrò, kó sì kan. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Lẹ́yìn náà la ó jọ̀ ọ́, a ó yan án, a ó tẹ́ ẹ kó tutù. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àlàfo ọjà kan sí èkejì rẹ́gí. Ọjọ́ tí ọjà kò ná, ọjọ́ ọjà náà ni. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ sùn, tó wá ń kánjú ní òru ọjọ́ tó kẹ́yìn, gàrí gbígbóná ni yóò dì pa sínú àpò. Ooru inú rẹ̀ á di omi, gàrí á bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Bí mo ti dárúkọ gàrí yìí, ẹ jẹ́ kí n fi tọkàntọkàn bẹ̀ yín lórí nǹkan kan. Ẹ má sá gàrí, ẹ má sá èlùbọ́ sójú títì mọ́. Àjọ NCDC tó ń rí sí dídènà àrùn ní orílẹ̀-èdè wa ti kìlọ̀ nípa rẹ̀, nítorí èkúté tó ń gbé ibà Lassa kiri lè dé ibẹ̀. Ẹ̀yin oní-ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ má fi káábáìdì mú un pọ́n. Àjọ NAFDAC tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn ti pariwo èyí títí, torí pé májèlé arsenic lè wà nínú káábáìdì. Ó lè mú èèpo pọ́n yòò lójú, kí inú má sì tíì dùn. Ta lẹ tan jẹ? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò nílò rẹ̀. Bí ẹ bá fi èyí kan tó ti pọ́n sáàárín èyí tí kò tíì pọ́n, tí ẹ bo gbogbo rẹ̀, yóò mú wọn pọ́n. Ìdí kan náà nìyí tó fi yẹ kí ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín wọn bí ẹ kò bá tíì fẹ́ kí ìyókù pọ́n. Bí ẹ bá sì ń kó o sínú ọkọ̀, ẹ má jù ú. Ibi tó bá ti fara gbọgbẹ́ lónìí ni yóò dúdú lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Èélòó ni ọjà yín dúró lé yín lórí? N kò béèrè iye tí ẹ rà á nìkan. Owó ọkọ̀ ńkọ́? Owó aláàárù ńkọ́? Owó ìsọ̀, owó ọ̀rá, omi tí ẹ mu, ẹ̀kọ tí ẹ jẹ, èyí tó rà nínú agbọ̀n, ṣé ẹ ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀? Ẹni tó mọ iye yìí kó tó kúrò nílé, bí wọ́n bá ná an dé ibì kan, á mọ̀ pé ààlà nìyí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹnu ẹni tó ń ná an ni yóò máa tẹ̀ lé. Ó lè tà látàárọ̀ títí di alẹ́, kó máa rẹ́rìn-ín, kó sì gbé gbèsè relé láìmọ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ ló dùn mí fún jù. Ẹ máa ń sọ pé oko yín lẹ ti kó o, ẹ kò fi owó rà á, nítorí náà iyekíye tí wọ́n bá san, èrè ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ta ló san owó àwọn tó bá yín ṣán oko? Ta ló ra àdá? Ẹ̀yìn ta ló ń ro ó lóru? Ẹ̀yin náà lẹ ra ọjà yẹn, òógùn yín lẹ fi rà á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń dá mi lóhùn láti inú ilé wọn. Ẹnìkan ń sọ pé orí ló ń tajà. N kò bá a jiyàn pé oríire wà. Òjò lè rọ̀ kó tú ọjà ká, ọkọ̀ lè yọnu lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí orí bá fẹ́ gbe wá, kí ni yóò fi gbe wá? Bí ẹni tó fẹ́ ra odindi agbọ̀n bá dé lónìí, tó jẹ́ pé ìdajì agbọ̀n ló mọ́ nínú tiwa, orí ti ṣe tirẹ̀. Àwa ni kò tíì múra. Ẹlòmíràn ń sọ pé owó ni ìmúrasílẹ̀, òun kò sì ní i. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ di oúnjẹ sínú ọ̀rá tó ní orúkọ lára, kó sì máa gbé e fún àwọn ilé ìtajà ńlá, gbọ́dọ̀ gba ìwé NAFDAC, ìyẹn ń náni lówó. Àmọ́ ṣíṣa kò gba owó. Nínù kò gba owó. Kíkà kò gba owó. Ewé tí a ó fi dì í wà. Ohun tí wọ́n ń gbà ni oorun díẹ̀. Èyí tó gba owó lóòótọ́, bíi háyà ọkọ̀, kí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà fún? Àgbẹ̀ mẹ́rin tó pa owó ọkọ̀ pọ̀ yóò dé ọjà pẹ̀lú ẹrù tó pọ̀, owó ọkọ̀ oníkálukú wọn á sì fúyẹ́.

Àtakò tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti alágbàtà. Àgbẹ̀ á ní: kí ni kí n múra sí, nígbà tó jẹ́ pé alágbàtà ló máa pàdé mi lọ́nà, tó máa dá iye tó wù ú lé ọjà mi, tí n kò sì lè gbé tòmátì padà sóko? Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. N kò ní fi ọwọ́ kékeré mú un. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣa tòmátì tó, bí ọ̀nà oko bá bàjẹ́, tí kò sí ibi tútù tí a lè kó o sí, apá rẹ̀ kò ní ká a. Ọ̀nà, ibòòji, omi àti ilé ìyàgbẹ́ nínú ọjà, ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọ́lé àti Ìṣọ̀kan ni, ó sì yẹ ká máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fún alágbàtà lágbára. Ó mọ iye tí wọ́n ń ta ọjà náà ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn láàárọ̀ yẹn. Àgbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó ti ka owó sọ́wọ́ láti ilé. Àgbẹ̀ kò tíì ka ọjà tirẹ̀. Alágbàtà ti múra! Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ló fi ń jẹ èrè lórí wa. Fóònù tí ẹ fi ń kí ọmọ yín ní Ìbàdàn, ẹ fi béèrè iye ọjà lálẹ́ kí ẹ tó kó ẹrù jáde. Bí alágbàtà bá wá dé, ẹ ó jọ sọ ọ́ bí àgbà méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò, ilé la ti ń ta ọjà, ohun tí a ń sọ nìyẹn. Ṣé ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023? Owó náírà ṣàdédé di ọ̀wọ́n káàkiri Nàìjíríà. Èèyàn ní owó ní báńkì, kò rí i ná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí àtẹ, ebi ń pa ẹni tó fẹ́ rà á, síbẹ̀ wọn kò rí ara wọn bá dòwò pọ̀. Lọ́jọ́ náà, ọlọ́jà tó ti ní àkáǹtì, tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó sórí fóònù, ń tà. Ẹni tí kò ní in ń ta àwìn, tàbí kó máa wo ọjà rẹ̀. Ta ló mọ̀ pé irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń múra. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú jalè. Kí fóònù dún nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé kọ́ yín, nílé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kán yín lójú, bí ẹ ṣe lè wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín gan-an. Ẹ má ṣe é ní ìgbà àkọ́kọ́ níwájú oníbàárà tó ń sọ pé òun ń kánjú.

Ó ku ohun kan tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ fẹnu kàn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, torí wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ṣépè fún ara rẹ̀. Ìyẹn ni kùtà. Bí ọjà kò bá tán, kí lẹ máa ṣe sí i? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, ẹ lè gé e, kí ẹ sá a sórí ohun tó mọ́, kó di èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ata tó kù, ẹ lè gbẹ ẹ́. Èyí tó bá sì ti pọ́n àpọ́njù, ẹ̀yin ará Ìkirè, èmi kọ́ ló máa kọ́ yín. Ẹni tó ti mọ ibi tí kùtà rẹ̀ ń lọ kó tó jáde nílé, kò ní fi ìbẹ̀rù ta ọjà rẹ̀ ní ìdajì owó nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Epo pupa rẹ̀ ti wà nínú ìgò. Igi ìdáná rẹ̀ ti gbẹ. Ata rẹ̀ ti wà ní lílọ̀.